Ohùn Tí Kò Dúró Sójú Kan: Ìlò Okarínà nínú Kọnsẹ́tò Fayolíìnì ti György Ligeti

Ìfáárà

Okarínà jẹ́ fèrè amọ̀ tí kò ní ọ̀pá gígùn. Ó dà bí ìkòkò kékeré tí a dé pa, tí ó ní ẹnu tí atẹ́gùn ń gbà wọlé àti ihò tí ìka ń dí. Irú fèrè bẹ́ẹ̀ ti wà ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà kí ará Yúróòpù tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ń jẹ́ okarínà lónìí, Giuseppe Donati ni ó mọ ọ́n ní 1853 ní ìlú Budrio, lẹ́bàá Bologna ní Ítálì. Ligeti (1923–2006), aṣẹ̀dá orin tí èdè Hungary jẹ́ èdè abínibí rẹ̀, lo fèrè yìí nínú Kọnsẹ́tò Fayolíìnì rẹ̀. Ìpín mẹ́ta ni iṣẹ́ náà ní nígbà tí a kọ́kọ́ gbé e jáde ní Cologne ní 1990. Ó di ìpín márùn-ún ní 1992. Ìbéèrè tó jẹ yọ ni pé: ohùn okarínà tó máa ń yẹ̀, ṣé àbùkù ni nínú iṣẹ́ yìí, tàbí òun gan-an ni ìtumọ̀ iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ìṣẹ̀dá Okarínà

Lára fèrè gbọọrọ, ibi tí ihò wà ní í sọ bí ohùn yóò ṣe ga tó. Ti okarínà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí inú rẹ̀ ti tóbi tó, àti àpapọ̀ ìwọ̀n àwọn ihò tó ṣí sílẹ̀, ni ó ń pinnu rẹ̀. Bí ihò bá ṣe ń ṣí sí i ni ohùn ń ròkè. Èémí náà ní ipa tirẹ̀: bí a bá fẹ́ ẹ líle, ohùn a gòkè díẹ̀, bí a bá fẹ́ ẹ jẹ́jẹ́, a wálẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, amọ̀ máa ń sún kì bí ó bá ń gbẹ àti nígbà tí ó bá wà nínú iná. Nítorí náà, ẹni tó ń mọ ọ́n ní láti fojú inú wo ohùn tí iná yóò fi sílẹ̀. Làálàá Donati ni láti ṣẹ́gun àwọn ìṣòro wọ̀nyí, kí ohun ìṣeré ọmọdé lè di ohun èlò tí ẹgbẹ́ lè fi kọrin ní ìṣọ̀kan. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn afunkarínà Budrio ti ń gbé e káàkiri Yúróòpù.

Ìlò Rẹ̀ nínú Ìpín Kejì

Aria, Hoquetus, Choral ni orúkọ ìpín kejì. Fayolíìnì nìkan ni ó kọ́kọ́ dá orin náà, lórí okùn rẹ̀ tó ní ohùn ìsàlẹ̀ jù lọ. Orin náà kì í ṣe tuntun. Ó ti wà nínú Musica ricercata tí Ligeti kọ láàárín 1951 sí 1953, ó sì tún wà nínú Bagatelle mẹ́fà tó ṣe fún afunfèrè márùn-ún ní 1953. Nígbà tó yá, àwọn afunfèrè kan nínú okẹ́sírà gbé fèrè tí wọ́n mọ̀ dunjú sílẹ̀, wọ́n sì mú okarínà.

Ẹni tó bá gbọ́ ọ lójijì lè pè é ní ẹ̀fẹ̀. Ẹ̀rí inú iṣẹ́ náà kò gbè é. Lọ́nà kìíní, fayolíìnì ti fi orin náà lélẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kí okarínà tó fọwọ́ kàn án. Lọ́nà kejì, ìyẹ̀ ohùn kì í ṣe ti okarínà nìkan. Fayolíìnì kan àti viola kan nínú okẹ́sírà ni a tún okùn wọn fà, kí wọ́n lè bá àwọn ohùn kéékèèké tó ń bá ohùn okùn báàsì ńlá jáde mu. Òfin iṣẹ́ náà ni okarínà ń tẹ̀ lé; kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kó ṣòro fún etí Yorùbá. Kò sí ẹni tí í béèrè iye ìwọ̀n tí ohùn òkè dùndún gbọ́dọ̀ ní. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kó ga ju ohùn àárín lọ. Bákan náà, orin tí fayolíìnì fi lélẹ̀ ni òṣùwọ̀n tí etí fi ń gbọ́ okarínà.

Síbẹ̀, iṣẹ́ náà ní ìkùdíẹ̀-káàtó kan. Ìyẹ̀ ohùn okarínà ni Ligeti nílò. Ìmọ̀ èémí tí àwọn ará Budrio fi ń tọ́ ohùn náà sọ́nà kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè nínú rẹ̀. Afunfèrè tó bá tún ohùn ṣe jù yóò pa ẹwà ibẹ̀. Èyí tí kò bá bìkítà yóò sọ ọ́ di ariwo lásán. Ẹrù tó yẹ kí ìwé orin rù, ọrùn òṣèré ni ó bọ́ sí.

Ìgúnlẹ̀

Ọmọ ìka kò dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohùn okarínà. Donati gbìyànjú láti mú kí ó dọ́gba, Ligeti sì fi àìdọ́gba náà kọrin arò. Lámèyítọ́ tó bá fi pípé ohùn nìkan wọn ìpín kejì yìí yóò ka ohun tó gbé e dúró sí àṣìṣe. Ohun tó tọ́ láti béèrè ni bóyá àwọn òṣèré pa orin tí fayolíìnì fi lélẹ̀ mọ́ bí ohùn ti ń yẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti pa á mọ́, fèrè amọ̀ ti ṣe iṣẹ́ tí fèrè tó dúró sójú kan kò lè ṣe.