Ta Ló Ń Sọ̀rọ̀? Ohùn nínú Àwọn Sinimá Jean Rouch

Ẹnjiníà tó ń la ọ̀nà ni Jean Rouch nígbà tó kọ́kọ́ dé Niger ní 1941. Ibẹ̀ náà ló kú sí ní 2004, nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Sinimá tó ṣe lé ní ọgọ́rùn-ún, àwọn ọ̀dọ́ olùdarí ní Paris, irú Jean-Luc Godard, sì fi í ṣe àwòkọ́ṣe. Ṣùgbọ́n ní 1965, Ousmane Sembène sọ fún un lójúkojú pé ńṣe ló ń wo àwa ọmọ Áfíríkà bí ẹni ń wo kòkòrò. Ẹjọ́ náà kò tíì tán nílẹ̀. Lójú tèmi, Sembène jàre, àmọ́ kì í ṣe lórí gbogbo sinimá náà. Ẹni tí à ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ni kí á fi dá wọn mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú Les maîtres fous (1955), tó yà ní Accra. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wá láti Niger ni à ń wò, tí àwọn ẹ̀mí Hauka ń gùn: gómìnà, ọ̀gágun, awakọ̀ rélùwéè. Itọ́ ń hó lẹ́nu wọn. Wọ́n pa ajá jẹ. Ẹni tó bá ti rí elégùn rí mọ̀ pé ohun tó bá wí lọ́jọ́ náà ni kókó. Níbí, Faransé tí Rouch ń sọ ló bo igbe wọn mọ́lẹ̀, òun náà ló sì wá sọ ní ìparí pé bóyá oògùn àrùn ọpọlọ ni Hauka jẹ́ fún wọn. Gẹ̀ẹ́sì fòfin de sinimá náà ní Gold Coast. Venice fún un ní ẹ̀bùn. Nínú àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó bi àwọn Hauka léèrè.

Jaguar yàtọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí yà á ní 1954, ṣùgbọ́n ó di 1967 kó tó jáde. Damouré Zika àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ń lọ wá owó ní Gold Coast. Kámẹ́rà ìgbà náà kò lè gba ohùn mọ́ àwòrán, nítorí náà Rouch gbé àwòrán síwájú wọn, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ lé e: wọ́n ń purọ́, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn Somba, ní àríwá orílẹ̀-èdè wa yìí, wọ́n kọ́kọ́ fi ìhòòhò wọn rẹ́rìn-ín, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí bá ara wọn wí. Ojú àlejò ni wọ́n fi ń wo èèyàn wa, lóòótọ́, àmọ́ etí wa gbọ́ bí ojú náà ṣe ń yí padà.

Ọ̀nà yìí kan náà ló tọ̀ nínú Moi, un noir (1958), ní Treichville, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè pa ẹnu tirẹ̀ mọ́ pátápátá. Oumarou Ganda, tó sọ ara rẹ̀ ní Edward G. Robinson, ń ròyìn ogun Indochina lẹ́bàá ọ̀sà, ó ń da ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tí ọta ń fò lórí rẹ̀. Rouch ló gba ẹ̀bùn Louis-Delluc. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Ganda fúnra rẹ̀ darí Cabascabo, òun náà ló sì ṣe sójà tó ti Indochina dé. Èdè Zarma ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀.