Pátákó Ìkéde Orí Fóònù: Ẹjọ́ Tí Mo Bá Fíìmù Kan Rò

Fíìmù kan wà tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò. BBS: The Documentary lorúkọ rẹ̀. Jason Scott ló ṣe é, ó gbé e jáde lọ́dún 2005, apá mẹ́jọ ni. Ìtàn àwọn tó fi kọ̀ǹpútà ilé wọn ṣe pátákó ìkéde ló ń sọ, kí íntánẹ́ẹ̀tì tó di ti gbogbo ayé. Ìwó níbí ni mo jókòó sí tí mo fi wò ó tán. Ó dùn, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ là á yé ẹni tí kò bá nǹkan náà láyé. Lóṣù kìíní ọdún 1978, ìrì dídì sé Ward Christensen àti Randy Suess mọ́lé ní Chicago. Nígbà tó fi di oṣù kejì, wọ́n ti so kọ̀ǹpútà kan mọ́ wáyà fóònù. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà nílé tirẹ̀ á pè é, á ka ohun tí àwọn ẹlòmíràn kọ sílẹ̀, á kọ tirẹ̀, á sì gbé fóònù sílẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá kù, kó dúró. Ọ̀rọ̀ sì ń rìn bí ìgbín, nǹkan bí lẹ́tà ábídí 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ilé Suess ni wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sí, kí owó ìpè má baà wọ́n àwọn ará Chicago.

Owó ìpè yìí gan-an ni fíìmù náà kò kà sí tó. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ará Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù, wọ́n ń yin ọgbọ́n orí wọn. Ó dáa náà. Fóònù ńkọ́? Fóònù wà nílé wọn bí omi ẹ̀rọ. Àwọn tó pọ̀ nínú wọn kì í sanwó kún owó oṣù nítorí ìpè àdúgbò. Ẹni tí omi wà nílé rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ òùngbẹ.

Títí di ọdún 2001 tí fóònù alágbèéká GSM dé, wáyà fóònù tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò ju ìdajì mílíọ̀nù lọ, àwa tá a ti lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù! Nílé tiwa, tá a bá fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Lọ́ndọ̀nù sọ̀rọ̀, Ìbàdàn là ń wọkọ̀ lọ, ká tò, ká sanwó, kí ohùn tún máa já. Ta ló fẹ́ fi irú ìyẹn dá pátákó sílẹ̀? Kì í ṣe pé ọmọ Odíderẹ́ kò lọ́rọ̀ sọ o.

Apá tó dá lórí FidoNet ló dùn mọ́ mi jù. Tom Jennings ní San Francisco ló kọ ètò Fido lọ́dún 1984. Òun àti John Madill, tó wà ní Baltimore lódìkejì Amẹ́ríkà, kò fẹ́ kí owó ìpè ọ̀nà jíjìn pa wọ́n. Kí ni wọ́n wá ṣe? Kọ̀ǹpútà á kó lẹ́tà jọ lọ́sàn-án. Tó bá dòru tí ìpè dínwó, ẹ̀rọ á pe ẹ̀rọ, á da gbogbo rẹ̀ lé e lọ́wọ́, ìyẹn náà á gbé e fún ẹlòmíràn. Àbí ẹ ò mọ̀ ọ́n? Bá a ṣe ń fi lẹ́tà rán dẹ́rẹ́bà ní gáréèjì náà ni: ti Ìbàdàn á gbà á, á fún ti Èkó.

Ọgbọ́n ẹni tó ń ṣọ́wó ná ni, ìdí nìyẹn tó fi bá Áfíríkà lára mu. Ẹkùn karùn-ún ni FidoNet pè wá. Ní Rhodes University ní South Africa, ní ìparí àwọn ọdún 1980, ọ̀nà yìí ni wọ́n fi ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà tó wà nílé Randy Bush ní Oregon, kó tó bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. GreenNet ní Lọ́ndọ̀nù ṣe irú ẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ Áfíríkà míì láwọn ọdún 1990. Bí wáyà bá já, ẹ̀rọ á tún pè. Fíìmù tó gùn ju wákàtí márùn-ún lọ, ibí yìí ni ǹ bá fẹ́ kó jókòó sí pẹ́.

Ohun kan wà tí Scott mú dáadáa: pátákó kọ̀ọ̀kan ló ní onílé. Òun ló ń san owó fóònù, òun ló ń ṣòfin, ó lè lé ọ jáde, ṣùgbọ́n o mọ ilé rẹ̀. Lónìí, orí WhatsApp ni ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ń kéde òkú àti ìkómọ. Ẹni tó ni ín kò sí ní Ìwó, a ò lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, fóònù akọ̀wé wa bọ́ sómi, kò sì tọ́jú ẹ̀dà. Orúkọ àwọn tó dáwó ẹgbẹ́, àfi ká máa wá a kiri nínú fóònù àwọn ẹlòmíràn.

Synchronet, ọ̀kan lára àwọn ètò tó ń darí irú pátákó bẹ́ẹ̀, ṣì wà lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì nílò wáyà fóònù mọ́. Mo ní ká wá kọ̀ǹpútà àlòkù kan, ká gbé e sílé akọ̀wé. Ó bi mí pé ta ni yóò máa ra epo jẹnẹrétọ̀. Mo ní kó kọ ọ́ mọ́ ohun tá a máa sọ nípàdé tó ń bọ̀.