Ta Ló Ń Tọ́ Ọmọdébìnrin Tó Wà Nílé Ọkọ?

Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ ń ṣèwádìí lórí òbí àti ìlera ọmọbìnrin tó tètè wọlé ọkọ, ìwọ̀n Diana Baumrind lẹ sábà máa ń gbé jáde. Ní 1966 ló pín òbí sí mẹ́ta: aláṣẹ tí kì í gba àlàyé, atọ́nisọ́nà tó ń gbọ́ tẹnu ọmọ, àti ẹni tó fọmọ sílẹ̀ kó ṣe bó ṣe wù ú. Ìwọ̀n náà wúlò. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní California ló wà nínú ìwádìí rẹ̀ ti 1967. Tá a bá gbé e dé ọ̀dọ̀ ọmọ ọdún 17 tó ti lọ́kọ ní Ìlú-Abo, Àkúré tàbí Oǹdó, òbí wo gan-an là ń wọ̀n?

Ìyá ọkọ ló ń bá gbé. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára ẹ̀, ìyá ọkọ lè ní kí wọ́n kọ́kọ́ pe ìyá agbẹ̀bí. Owó ọkọ̀ sì wà lọ́wọ́ ọkọ. Ìbéèrè tó mọ sórí bàbá àti ìyá tó bí i ti fo ìdajì ọ̀rọ̀.

Ní 1994, Thaddeus àti Maine ṣàlàyé ìdádúró mẹ́ta tó ń pa aboyún: kí wọ́n tó pinnu láti wá ìtọ́jú, kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, kí wọ́n tó rí ìtọ́jú gbà níbẹ̀. Ètò Àbíyè tí ìjọba Oǹdó bẹ̀rẹ̀ ní Ìfẹ́dọ̀rẹ́ ní 2009 fún àwọn aboyún ní fóònù. Ní 2010, ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ṣílẹ̀kùn ní Àkúré. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ fóònù ò lè bá ọmọ sọ ohun tí ẹnu ẹ̀ ò gbà á láyè láti sọ. Ọmọ tí wọ́n ti ń pa lẹ́nu mọ́ láti kékeré, báwo ló ṣe máa sọ fún ìyá ọkọ pé ilé ìwòsàn lòun ń lọ?

Ẹ má wá sáré pe gbogbo òbí tó le ní òbí burúkú o. Ọwọ́ ọ̀tún tó ń báni wí ní ọwọ́ òsì tó ń fani mọ́ra nílẹ̀ Yorùbá. Ruth Chao ti rí irú ẹ̀ láàárín àwọn òbí Ṣáínà ní 1994: líle wọn ò ní kí wọ́n má fẹ́ràn ọmọ.

Ohun tó dùn mí jù ni "ìfaradà" tẹ́ ẹ ń wọ̀n. Ọmọ tó ń jẹ̀rora láìfọhùn lè gba máàkì tó ga jù. Ìyẹn kì í ṣe okun. Ìdádúró àkọ́kọ́ ni. Ẹ bi í ní ìbéèrè kan péré: bí ara ẹ ò bá yá lóru, ta lo lè jí?