Alhájì, Pásítọ̀, Olúwo: Ẹjọ́ Gbénga Adébóyè

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá ẹjọ́ kan. Nínú agbo ilé wa ní Èjìgbò, mùsùlùmí wà, onígbàgbọ́ wà, àwọn tó ń bọ Òrìṣà Ògìyán náà kò sì tíì tán. Gbogbo wa la jọ ń jẹ iyán. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí mo wà ní iléèwé girama, mo ti kásẹ́ẹ̀tì Gbénga Adébóyè bọ inú rédíò. Tọmọdé tàgbà ń rẹ́rìn-ín. Àfi bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí wọ́n ti lọ sí Mẹ́kà, ṣe jáde láti yàrá: "Pa á! Ẹni tó ń fi Ọlọ́run ṣe yẹ̀yẹ́ kò ní fọhùn nínú ilé yìí."

Mo pa á. Kí n má purọ́, lọ́kàn mi lọ́hùn-ún, mo gbà pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n mo ti yí ọkàn padà báyìí.

Ọmọ Òde-Òmu ni Adébóyè, nílẹ̀ Ọ̀ṣun wa níbí. Wọ́n bí i ní 1959. Iṣẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ló sọ ọ́ di olókìkí, ètò Fúnwọntán rẹ̀ sì di orúkọ mọ́ ọn lára. Èmi kì í ṣe ará Èkó. Kásẹ́ẹ̀tì ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ará wa tó ń rìnrìn àjò lọ sí Abidjan náà a máa dì í mọ́ ẹrù, kí wọ́n lè gbọ́ ohùn ilé nílẹ̀ àjèjì.

Àwọn kan ní aláwàdà lásán ni. Èmi ní rárá o, alálọ̀ọ́ ni. Ẹ wò ó: ẹni tó ń pàlọ́ lábẹ́ òṣùpá ní àwọn ọmọdé tó ń gbe orin fún un. Ẹni tó wà lórí rédíò kò ní ju ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ nínú yàrá títì pa. Kí ni Adébóyè wá ṣe? Òun fúnra rẹ̀ ló di agbo. Yóò béèrè bí àgbà, yóò dáhùn bí ìpáǹle. Yóò sọ èdè Ọ̀yọ́ tán, yóò bọ́ sí ti Ìjẹ̀bú. Ẹnì kan ṣoṣo ni o, ṣùgbọ́n o ó búra pé ilé kún.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ tí bàbá sọ ńkọ́? Adébóyè pe ara rẹ̀ ní Alhájì, Pásítọ̀, Olúwo. Ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ kó oyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé. Ṣé ẹni tó fẹ́ tàbùkù ẹ̀sìn ló máa ń fi ara rẹ̀ ṣáájú bẹ́ẹ̀? Lójú tèmi, kì í ṣe Ọlọ́run ló ń bú, àwọn tó ń fi agbádá àti ìwé mímọ́ bo ìwà jìbìtì ló ń tú láṣìírí. Tí onígbàgbọ́ bá ń rẹ́rìn-ín àlùfáà, kó má tíì sinmi. Ó kù díẹ̀ kó kan pásítọ̀ tirẹ̀. Ìdí nìyí tí gbogbo agbo ilé wa fi lè jọ rẹ́rìn-ín láìjà.

N kò ní kò ní àléébù. Nígbà mìíràn, ó máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn ju bó ti yẹ lọ, ẹ̀fẹ̀ á sì gbé ìtàn mì. Ó dùn mí pé àléébù yìí gan-an ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń tẹ̀ lé e lónìí kọ́. Wọ́n mọ ariwo, wọn ò mọ ìtàn.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin, 2003, Adébóyè kú, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì. Nígbà tí ìròyìn dé Èjìgbò, ẹ̀gbọ́n bàbá mi dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wá ní, "Ọmọ yìí, kásẹ́ẹ̀tì ọjọ́sí yẹn, ṣé ó ṣì wà?" Mo wá a títí. Nígbà tí mo rí i, okùn inú rẹ̀ ti já.

Ẹ̀yin tí tiyín ṣì ń sọ̀rọ̀, ẹ tètè gbà á sílẹ̀ síbòmíràn. Ẹ sì bá mi dá ẹjọ́ náà: ta ló jàre?