Ẹni Òru àti Àtùpà Ayàwòrán

Òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n ní Àgbádárìgì, láàrin ọ̀sà àti òkun, ẹnì kan wà tí òkùnkùn mọ̀ tí ó sì ń bọ̀wọ̀ fún. Ẹni náà ni Zangbeto, ọlọ́dẹ àwọn Ẹ̀gùn tí ń pe ara wọn ní Ògù, afìkobora-bí-aṣọ, ayí-bí-ààjà, ọ̀tá olè, tí orúkọ rẹ̀ ní èdè wọn túmọ̀ sí ènìyàn òru. Ayàwòrán tí ó bá gbé kámẹ́rà kò ó lójú lálẹ́ gbọdọ̀ mọ̀ pé òru gan-an ni ẹ̀wù tí ó wọ̀ lé ìko, àti pé bí òun bá bọ́ ẹ̀wù náà tán, òkìtì ìko lásán ni yóò kù nínú àwòrán.

Kò sí odò tàbí ọ̀gbun láàrin ayàwòrán àti Zangbeto, síbẹ̀ ọ̀nà wọn jìn, nítorí àwọn ọmọ awo tí ń tẹ̀lé e tọ̀pá-tọ̀pá kì í jẹ́ kí ògbẹ̀rì sún mọ́ ọn. Fíláàṣì orí kámẹ́rà kò sì lágbára ìrìn àjò: bí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni yóò dé ibẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé òǹwòran tí ó dúró ní mítà 2 yóò gba ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po 25 ti Zangbeto tí ń jó ní mítà 10. Ẹ̀yìn òǹwòran a funfun bí ẹfun, eruku iyanrìn tí ijó tú sókè a máa tàn yinrinyinrin, ẹni tí a torí rẹ̀ wá a sì fara sin lẹ́yìn wọn. Kámẹ́rà tí a fi sílẹ̀ fún ara rẹ̀ tún ń ba ọ̀ràn jẹ́, nítorí a ṣe é láti máa ka gbogbo ayé sí àwọ̀ eérú; bí ó bá pàdé òru, yóò máa fa ìmọ́lẹ̀ títí òru náà yóò fi di eérú.

Àwọn tí ń ya ẹyẹ lórí àgbọn máa ń fi awò kan síwájú fíláàṣì kí ìtànṣán rẹ̀ lè ṣù jọ, kí ó sì jìnnà. Ó ń dé ibi tí a rán an lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi kò lè yìn ín níhìn-ín: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú olè lóru, ìmọ́lẹ̀ tí ó bá a lójú gán-ń-gán ń sọ òun fúnra rẹ̀ di olè tí a ká mọ́. Ó sàn kí àtùpà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, nísàlẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tí àwọn awo gbà láàyè, kí okùn ìko kọ̀ọ̀kan lè ta òjìji sára èkejì. Kí ojú kámẹ́rà ṣí fún bí ìdá kan nínú 15 ìṣẹ́jú àáyá, kí yíyí Zangbeto lè fa ìlà tirẹ̀, kí fíláàṣì sì tó bù yẹ̀rì nígbà tí ojú náà fẹ́ padé.

Roy DeCarava, ayàwòrán ọmọ Harlem ní New York tí a bí ní 1919, tí òun àti akéwì Langston Hughes jọ ṣe ìwé kan ní 1955, kọ fíláàṣì sílẹ̀; ìmọ́lẹ̀ tí ó bá nílé ni ó fi ń ya àwọn ènìyàn dúdú, ó sì ń tẹ àwòrán rẹ̀ ní dúdú kíkùn tí ojú ní láti dúró sí pẹ́ kí ó tó ríran. Irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ni mo ń wá nínú àwòrán Zangbeto: kí ìsàlẹ̀ ìko mọ́lẹ̀ níbi tí ó ti ń gbá iyanrìn, kí àárín rẹ̀ máa ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀, kí ṣóńṣó orí rẹ̀ sì wọ inú òru lọ, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè sọ ibi tí ó parí sí.