Kì í Jò, A Kò Dá A Padà Ni

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ọ̀kan nínú yín túmọ̀ memory leak sí "ìrántí tó ń jò". Ó gbìyànjú o, ṣùgbọ́n èmi ò fara mọ́ ọn. Bí kóróbá bá ń jò, omi ń jáde lọ ni. Ihò la ó wá dí. Nínú kọ̀ǹpútà, kò sí ohun tó jáde.

Ẹ wo kernel Linux tó wà nínú fóònù Android. Iṣẹ́ tó bá fẹ́ àyè á fi kmalloc yá a. Bó bá parí, á fi kfree dá a padà, bí ìgbà tí a háyà àga fún ìnáwó ní Adó-Èkìtì níbí. Nígbà mìíràn, iṣẹ́ náà á kọsẹ̀ láàárín, á sá jáde, kò ní dá àyè padà. Àga ò sọnù, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín ò lè fi háyà fún ẹlòmíì.

Bí áàpù bá kú, kernel á gba àyè rẹ̀ padà. Ta ni yóò wá gba ti kernel fúnra rẹ̀? Àfi ká pa fóònù, ká tún un tàn.

Láti 2009 ni kmemleak ti wà nínú Linux. Kì í wá ihò. Àyè tí ẹnikẹ́ni ò mọ ọ̀nà ibẹ̀ mọ́ ló ń wá. Ẹjọ́ ló kàn ń fi sùn, ọmọ ènìyàn ni yóò tún kóòdù ṣe.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. "Jíjò" á rán alátùn-únṣe lọ wá ihò. Gbèsè ló yẹ kó wá. "Àyè àìdápadà" ni tèmi. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó mú un wá.