Ohùn Kọ́ńdọ́ Nínú Orin Ẹ̀rọ: Àgbéyẹ̀wò Àwo Orin Méjì Láti Ọwọ́ Emeka Ogboh

Àwọn lámèyítọ́ ti kọ púpọ̀ lórí àpàlà, sákárà, jùjú, fújì àti orin Fẹlá. Orin tí a fi ẹ̀rọ hun láti inú ariwo ìgboro kò tíì rí irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Yorùbá gan-an ni ohun èlò rẹ̀ nígbà mìíràn. Àwo orin méjì tí Emeka Ogboh gbé jáde jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Beyond the Yellow Haze ni àkọ́kọ́. Ilé-iṣẹ́ A-TON ní ìlú Berlin ló gbé e jáde ní 2021. Èkejì jáde ní 2022 lábẹ́ Danfotronics, ilé-iṣẹ́ Ogboh fúnra rẹ̀, iye àmì ilẹ̀ sì ni ó fi sọ ọ́ lórúkọ: 6°30′33.372″N 3°22′0.66″E. Àwọn tó fẹ́ràn irú orin yìí ní Yúróòpù mọ àwo méjèèjì. Láàárín àwọn onímọ̀ Yorùbá, kò wọ́pọ̀ kí a gbọ́ orúkọ wọn.

Ojúẹlẹ́gba ni àwọn iye wọ̀nyẹn ń tọ́ka sí. Ó yani lẹ́nu pé olórin fi nọ́ńbà bo orúkọ tó ti jẹ́ ìtàn fúnra rẹ̀. Ojúbọ Èṣù Ẹlẹ́gbára ló bí orúkọ náà, Èṣù ló sì ni oríta, òun náà ló ń gbé iṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Fẹlá ti fi súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ibẹ̀ ṣe àríwísí ìlú nínú Confusion (1975). Wizkid náà fi orúkọ àdúgbò yìí sọ orin rẹ̀. Ẹni tó bá wo nọ́ńbà Ogboh lásán yóò rò pé àwòrán ilẹ̀ ni ó fẹ́ yà. Ẹni tó bá mọ Ojúẹlẹ́gba yóò mọ̀ pé oríta ọ̀rọ̀ ni ó dúró sí.

Ọ̀rọ̀ kọ́ńdọ́ danfó ni ọ̀pá tó gbé àwọn orin wọ̀nyí ró. Ogboh ti ń gba ohùn ìlú Èkó sílẹ̀ láti ṣáájú 2010, ó sì ti sọ ọ́ di iṣẹ́ ọnà nínú ọ̀pọ̀ ìpàtẹ. Bí a bá fi ojú lítíréṣọ̀ alohùn wò ó, igbe kọ́ńdọ́ kò jìnnà sí ìpolówó ọjà. Ọkọ̀ ni ọjà tó ń polówó, ibi tí ọkọ̀ ń lọ sì ni adùn rẹ̀. Ó ń lo àwítúnwí, ó ń gé fáwẹ́lì àkọ́kọ́ jẹ, ó sì ń to orúkọ ibùdókọ̀ tẹ̀ lé ara wọn títí tí èrò á fi mọ ọ̀nà láìwo pátákó kankan. Òṣòdì di Ṣòdì-Ṣòdì-Ṣòdì. Orúkọ yìí dára fún àgbéyẹ̀wò, nítorí ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí gbogbo sílébù rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè fi ohùn ìsàlẹ̀ pariwo ní gáréèjì, nítorí náà kọ́ńdọ́ á gbé gbogbo rẹ̀ sókè lápapọ̀, á sì jẹ́ kó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìlù tí a lù síbì kan náà. Bí ó bá kan Yábàá, ohùn á gòkè, á sọ̀, á tún gòkè. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn ọkọ̀, tí kò gbọ́ kọ́ńsónáǹtì kankan dáadáa, yóò ṣì mọ ìyàtọ̀.

Ibí yìí ni orin ẹ̀rọ ti kan ìmọ̀ èdè. Nígbà tí ẹ̀rọ bá sẹ́ ohùn ènìyàn, tí ó yọ apá òkè ìró kúrò, àwọn kọ́ńsónáǹtì bí f, s àti ṣ ni ó kọ́kọ́ ń lọ. Ìgòkè-sọ̀kalẹ̀ ohùn kì í bá wọn lọ. Ohun tó kù lẹ́yìn náà fara jọ ohun tí gángan máa ń fún wa: ohùn láìsí ẹnu. Fún olùgbọ́ tí kò gbọ́ Yorùbá, àwọ̀ lásán ni, bí èéfín tàbí òjò. Olùgbọ́ Yorùbá kò ní irú òmìnira bẹ́ẹ̀. Etí rẹ̀ yóò máa wá ọ̀rọ̀ tó sọnù, bí ẹni tó ń tẹ́tí sí ìlù níbi àríyá tí ó ń retí oríkì tirẹ̀. Orin kan náà wá di orin méjì. Ọ̀kan ń fi ọkàn balẹ̀, èkejì ń dá a láàmú. Àwọn tó kọ̀wé lórí irú orin yìí láti òkèèrè sábà máa ń yìn ín fún ìfọ̀kànbalẹ̀.

A kò lè sọ pé Ogboh kò mọ̀ nípa èyí. Enugu ni a bí i sí, Yorùbá kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀. Ní 2015, ó gbé The Song of the Germans kalẹ̀ níbi ìpàtẹ Venice, níbi tí a ti kọ orin orílẹ̀-èdè Jámánì ní àwọn èdè Áfíríkà, Yorùbá sì wà lára wọn. Ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé èdè lè pa ohùn orin dà. Kódà ìpa-ọ̀rọ̀-dà wà nínú àwo àkọ́kọ́: ibùdókọ̀ Palmgrove ní títì Ìkòròdú di Palm Groove.

Síbẹ̀ àbùkù kan wà. Ìlù ẹ̀rọ tó ń lọ ní ìwọ̀n kan náà máa ń fa igbe kọ́ńdọ́ wọlé sínú ìṣísẹ̀ tirẹ̀. Kọ́ńdọ́ kì í sáré bẹ́ẹ̀. Ó ń yára bí èrò bá pọ̀, ó ń fà á bí ọkọ̀ bá ṣófo, ó ń dákẹ́ bí àgbèrò bá dé láti gbowó. Níbi tí ìlù ti borí, ìdúnàádúrà yìí sọnù, ọ̀rọ̀ wá di ọ̀ṣọ́. Àwo kejì sàn jù lórí èyí, nítorí ó fún ọ̀rọ̀ sísọ láyè púpọ̀ sí i, ó sì jẹ́ kí àwọn ará Ojúẹlẹ́gba sọ̀rọ̀ nípa ibi tí wọ́n wà. A lè jó sí ti àkọ́kọ́. Ti kejì gba kí ènìyàn jókòó.

Kì í ṣe gbogbo orin ẹ̀rọ láti Èkó ló gba ọ̀nà yìí. Ibukun Sunday ní tirẹ̀ gbé The Last Wave jáde ní 2021, orin tó ń ṣàn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí kò gbára lé igbe ìgboro. Bóyá àìgbára-lé-ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló mú kí ẹ̀kọ́ wa fi í sílẹ̀, àwa tó jẹ́ pé ibi tí ọ̀rọ̀ bá wà nìkan ni a ti ń tẹ́tí.

Ní 2017, gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó nígbà náà, Akinwunmi Ambode, kéde pé òun fẹ́ mú danfó kúrò lójú títì. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lọ lọ́jọ́ kan, ohun tí Ogboh gbà sílẹ̀ yóò wà lára ẹ̀rí tí onímọ̀ èdè lè lò láti mọ bí a ṣe ń pe Òṣòdì ní ẹnu ọ̀nà ọkọ̀. Ẹ̀rí náà kò pé. A mọ ẹni tó to orin náà, a mọ ilé-iṣẹ́ tó gbé e jáde, a tilẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ti gbà á sílẹ̀ dé orí ìdá kékeré nínú nọ́ńbà. Àwọn tó ni ohùn náà ni kò ní orúkọ. Akéwì tàbí onírárà sábà máa ń dárúkọ ara rẹ̀ nínú ìṣeré rẹ̀. Kọ́ńdọ́ kò ṣe bẹ́ẹ̀, orúkọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ nìkan ló ń pè.